Ibi Tí Afẹ́fẹ́ Igbó Òkè Ń Gbà Lọ Lóru

Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rú nínú igbó tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Mo rí i pé àwọn kan nínú yín ti ń wo ara wọn lójú: kí ló wà nínú atẹ́gùn tí èèyàn á fi pa iṣẹ́ tì wá gbọ́ ọ? Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀kan pàtàkì lára ọ̀nà tí aráyé fi ń mọ iye kábọ̀nù tí igbó ń gbà kúrò lójú ọ̀run dúró lórí rẹ̀. Ọ̀nà náà sì máa ń tan èèyàn jẹ bí igbó bá wà lórí òkè, pàápàá lóru. Nígbàkígbà tí mo bá ní kábọ̀nù lónìí, CO2 ni mò ń sọ, afẹ́fẹ́ tí àwa èèyàn ń mí síta, tí ewé ń fà wọlé lọ́sàn-án láti fi pèsè oúnjẹ ara rẹ̀.

Kí a tó gun òkè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dúró ní ilẹ̀ títẹ́jú.

Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lókè igbó ń sáré; èyí tó wà láàrin igi ń wọ́. Ewé, ẹ̀ka àti ìtì igi ló gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n eré náà kì í dín kù díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Gẹ́lẹ́ níbi tí orí igi pin sí ló ti ń já wálẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ tó ń sáré bá sì ti fara kan èyí tó ń wọ́, ààlà àárín wọn kì í dúró jẹ́ẹ́. Á rú, á ká, á di ààjà tó ń yí gbirigbiri lọ lórí igbó. Ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí odò méjì tí eré wọn kò dọ́gba bá ti dà pọ̀.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé kọ́ ni pé igbó kò yàtọ̀ sí ilẹ̀ tó rí págunpàgun, pé igi wulẹ̀ ń di atẹ́gùn lọ́wọ́ bí òkúta ṣe ń dí i ni. Ní 1996 ni Michael Raupach àti John Finnigan ní Ọsirélíà, pẹ̀lú Yves Brunet ní ilẹ̀ Faransé, kó ẹ̀rí jọ pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi hàn pé ìdàpọ̀ afẹ́fẹ́ oníyára àti afẹ́fẹ́ onípẹ̀lẹ́ lórí igi ló ń bí àwọn ààjà tó ń ṣe iṣẹ́ jù lọ nínú igbó, àti pé gíga igi ló ń pinnu bí wọ́n ṣe máa tóbi tó. Igbó tí igi rẹ̀ ga ní 30 mítà ń bí ààjà ńlá. Oko àlìkámà ń bí kékeré.

Ẹ̀yin tó ti jókòó sábẹ́ igi nínú igbó lọ́sàn-án mọ ohun tí mò ń sọ láìka ìwé. Gbogbo ewé á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bíi pé kò sí atẹ́gùn láyé mọ́. Lójijì, fììì, ohun gbogbo á mì látòkè délẹ̀. Á tún dákẹ́. Ní Camp Borden, ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Gao, Shaw àti Paw U, wọn ooru inú igbó kan, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1989. Wọ́n rí i pé ooru náà á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà á já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí afẹ́fẹ́ tútù bá já wọlé láti òkè, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí afẹ́fẹ́ ń kó wọ inú igbó, tó sì ń kó jáde, ìgbà díẹ̀ tó le yẹn ló ń kó o. Ìdákẹ́jẹ́ tó gùn tó wà láàrin wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkankan.

Èyí ba ìṣirò àtijọ́ jẹ́. A ti kọ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ wa pé ohun gbogbo ń ṣàn láti ibi tó pọ̀ sí ibi tó kéré: ooru láti ibi gbígbóná sí ibi tútù, ọ̀rinrin láti ibi tó rin sí ibi gbígbẹ. Ní 1985, Denmead àti Bradley gbé èsì iṣẹ́ wọn jáde láti inú igbó páìnì Uriarra, nítòsí Canberra. Wọ́n bá ooru, omi inú afẹ́fẹ́ àti kábọ̀nù nígbà míì tí wọ́n ń lọ láti ibi tí wọ́n ti kéré sí ibi tí wọ́n ti pọ̀. Òfin ẹ̀dá kò yí padà. Ààjà tó ń já wọlé láti òkè tóbi débi pé ó ń gbé nǹkan fo gbogbo ìpele àárín kọjá, kò sì bìkítà nípa ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìwé yẹn gidigidi, nítorí pé àwọn méjèèjì kò gbìyànjú láti fi èsì wọn tu ẹnikẹ́ni nínú.

Ààjà yìí kan náà ló ń wó igi bí ó bá le. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá 2018, ìjì tí wọ́n sọ ní Vaia kọlu àwọn òkè Alps ní ìlà-oòrùn àríwá Ítálì. Ó wó igi tí igẹdú rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 mítà oníhà mẹ́ta, lórí ilẹ̀ tó ju 42,000 hẹ́kítà lọ. Igbó Paneveggio wà lára èyí tó bà jẹ́, igbó spruce tí igi rẹ̀ lókìkí fún ṣíṣe fáólìnì. Ìjì bẹ́ẹ̀ kì í ti igi ní ìtìkan lọ títí. Ó ń lù ú ní àlùdápadà, àfonífojì sì máa ń fún atẹ́gùn mọ́ra, tí yóò fi le sí i. Ẹ̀gbẹ́ òkè kan lè ṣófo pátápátá, kí ti òdìkejì wà bó ṣe wà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gun òkè.

Bí atẹ́gùn bá ń gun òkè, eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ìfúnpá afẹ́fẹ́ sì ń dín kù títí dé ìtòsí góńgó, níbi tó ti kéré jù. Lẹ́yìn góńgó, ìfúnpá á tún máa ga. Atẹ́gùn tó wà lókè igi ní eré tó fi lè dá ìfúnpá yìí lóhùn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ láàrin igi kò ní. Igi ti gba agbára rẹ̀ tán. Ibi tí ìfúnpá bá tì í sí ló ń lọ, ìfúnpá sì ń tì í lọ sí góńgó láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nítorí náà, ní ẹ̀yìn òkè, atẹ́gùn orí igi lè máa sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn ìdí igi kan náà ń gòkè padà. Bí ẹnìkan bá dáná sábẹ́ igi níbẹ̀, èéfín rẹ̀ á kọ́kọ́ forí lé góńgó, títí yóò fi ga dé orí igi, kí atẹ́gùn òkè tó gbé e lọ sí òdìkejì. Ọdẹ tó bá ń fi èéfín mọ ibi tí atẹ́gùn kọrí sí gbọ́dọ̀ mọ èyí, kí ẹran má baà gbọ́ òórùn rẹ̀.

John Finnigan kan náà, pẹ̀lú Stephen Belcher ti Yunifásítì Reading ní Ìlú Ọba, ló gbé ìṣirò èyí kalẹ̀ dáadáa ní 2004. Ohun tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé kò dìgbà tí òkè bá ga fíofío. Lórí òkè koríko, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ le gan-an kí atẹ́gùn tó yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Bí igbó bá bo òkè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí èèyàn kò ní fi mí hẹlẹ tó o. Davide Poggi àti Gabriel Katul náà fi omi ṣe irú òkè bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwádìí ní ìlú Torino, wọ́n fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ dípò igi, wọ́n sì rí ibi tí ìṣàn náà ti yí padà. Ìwọ̀nyí jẹ́ ìṣirò àti ọ̀pá irin o, inú igbó gidi nira jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí góńgó tí afẹ́fẹ́ ìhà méjèèjì ti ń pàdé. Níbẹ̀ ni ohun tí ilẹ̀ mí síta ní ẹ̀gbẹ́ òkè á ti jáde. Òpó tí wọ́n bá rì sórí góńgó á ka èémí tí kì í ṣe ti igi tó yí i ká.

Òpó wo? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ní ìpínlẹ̀ Colorado lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lára àwọn Òkè Rocky, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Niwot Ridge. Láti 1998 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Colorado ti ń wọn afẹ́fẹ́ lórí òpó irin kan nínú igbó ibẹ̀, ní nǹkan bíi 3,050 mítà sókè ojú òkun. Fir, spruce àti páìnì ni igi ibẹ̀, wọn kò ga ju mítà 11 tàbí 12 lọ. Bí èèyàn bá rin 100 mítà sísàlẹ̀, kò ní sọ̀ kalẹ̀ ju mítà 5 sí 7 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò ní pe ìyẹn ní òkè.

Ní 21.5 mítà lórí òpó yẹn, ẹ̀rọ kan ń fi ìró wọn bí atẹ́gùn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀, ní ìgbà 10 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Òmíràn ń ka kábọ̀nù inú afẹ́fẹ́ kan náà. Ìṣirò tó tẹ̀ lé e kò le láti lóye: ààjà tó ń gòkè, kábọ̀nù mélòó ló gbé? Èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́? Ìyàtọ̀ àárín wọn ni ohun tí igbó gbà tàbí ohun tó mí jáde. Swinbank, onímọ̀ kan ní Ọsirélíà, ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1951, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò tíì yára tó nígbà náà. Lónìí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òpó bẹ́ẹ̀ ló wà káàkiri ayé.

Ọ̀nà náà gbà pé gbogbo ohun tí igbó bá mí síta, orí ni yóò gbà jáde. Lọ́sàn-án, níbi tó tẹ́jú, tí oòrùn ń mú kí afẹ́fẹ́ rú dáadáa, òótọ́ ni. Àmọ́ nígbà tí oòrùn bá wọ̀, ewé orí igbó á tú ooru rẹ̀ sí òfurufú, afẹ́fẹ́ tó fara kàn án á tutù, afẹ́fẹ́ tútù sì wúwo ju èyí tó gbóná lọ. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, á rì, á jókòó síbẹ̀. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á rì, á sì máa ṣàn lọ láàrin igi, lábẹ́ ewé, títí dé àfonífojì. Ìgbà yẹn gan-an ni ewé ti dẹ́kun jíjẹ kábọ̀nù, tí gbòǹgbò àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín inú ilẹ̀ ṣì ń mí in síta láìsinmi. Afẹ́fẹ́ tó ń ṣàn á kó o, á gbé e lọ. A jókòó sẹ́nu ọ̀nà iwájú, à ń ka àlejò, àwọn àlejò sì ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Kí ni òpó á wí? Á ní igbó kò mí púpọ̀ lóru. Ó ka gbogbo ohun tí igbó jẹ lọ́sàn-án, kò ka gbogbo ohun tó mí síta lóru, nítorí náà igbó á dà bí ẹni tó jẹ ju bó ṣe jẹ lọ. Ẹ̀tàn yìí kò dà bí àṣìṣe tó máa ń ga lónìí tó máa ń lọ sílẹ̀ lọ́la, tí ọdún bá fi yípo á ti pa ara rẹ́. Ibì kan náà ló ń fì sí ní gbogbo òru, ọdún á sì kó gbogbo rẹ̀ jọ.

Wọ́n ti wá oògùn fún un. Ní 1996, Goulden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Harvard Forest ní Massachusetts fi òru tí atẹ́gùn rú wé òru tó dákẹ́. Òru tó dákẹ́ máa ń fi hàn pé igbó mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò mọ̀ bóyá atẹ́gùn ń fẹ́ lórí igi. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó dín èémí rẹ̀ kù. Nítorí náà wọ́n ju àkọsílẹ̀ òru tó dákẹ́ nù, wọ́n fi ohun tí òru tí atẹ́gùn rú kọ́ wọn dí àlàfo rẹ̀. Ibi púpọ̀ ló ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. Mi ò bú wọn. Ó dára ju kí èèyàn gba irọ́ gbọ́ lọ. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, oògùn ilẹ̀ títẹ́jú ni. Lórí òkè, afẹ́fẹ́ lè máa rú lókè igi, kí ti ìsàlẹ̀ máa bá ìṣàn tirẹ̀ lọ, kí òpó sì rò pé òun ń rí ohun gbogbo.

Ní 2005, Chuixiang Yi àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Niwot Ridge sọ ìdí kan tí èyí fi lè ṣẹlẹ̀. Ní òru tó tutù, ìpele afẹ́fẹ́ kan máa ń dì láàrin igi, níbi tí ewé ti pọ̀ jù, tó dúró ṣinṣin débi pé ààjà kankan kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ òkè nídìí igi. Èyí tó wà lókè rẹ̀ ń ṣe tirẹ̀. Láàrin igi tí kò ga ju mítà 12 lọ, ayé méjì ti pín síra wọn. Ẹ̀rọ tó wà ní mítà 21.5 wà nínú ọ̀kan, ó sì ń jẹ́rìí fún méjèèjì.

Igi kan kò lè dá igbó ṣe. Òpó kan náà kò lè dá ìṣirò igbó òkè ṣe. Àwọn ará Yúróòpù gbìyànjú òpó púpọ̀ ní 2005 àti 2006: wọ́n to òpó mìíràn yí òpó àárín ká ní Renon, igbó spruce kan ní nǹkan bíi 1,730 mítà lórí Alps ti Ítálì, àti ní Wetzstein ní Jámánì àti Norunda ní Sweden, kí wọ́n lè ka ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbé gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Wọ́n rí i pé ó lè pọ̀ gan-an. Wọ́n sì rí i pé ó ṣòro láti kà débi pé fífi kún ìṣirò lásán kò yanjú ọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́ ìdí: afẹ́fẹ́ tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lókè igi lóru lè má ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá. Bí ẹ̀rọ bá fì díẹ̀ báyìí lórí òpó, àṣìṣe ìfì yẹn tó ohun tí à ń wá fúnra rẹ̀. Mo mọ àwọn tó ń sọ pé owó àti òpó púpọ̀ sí i ni yóò tán án. Mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon, nínú igbó ìwádìí H. J. Andrews. Àfonífojì kan wà níbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ tó 96 hẹ́kítà. Thomas Pypker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò ó pé bí afẹ́fẹ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè bá ń ṣàn lóru wá sí ẹnu àfonífojì, a jẹ́ pé ẹnu àfonífojì ló yẹ kí a lọ dúró sí. Wọ́n gbé òpó wọn síbẹ̀. Wọ́n bá odò afẹ́fẹ́ tútù tó jìn, tó ń kọjá ní òru, wọ́n sì ń bu díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ láti yẹ irú kábọ̀nù tó gbé wò. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ bí àìtó omi ṣe ń ni igi lára tó, nítorí kábọ̀nù tí igi mí lẹ́yìn ọ̀dá kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tó mí nígbà tí ilẹ̀ rin. Ní 2007 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Ìṣàn tó ń tan gbogbo ayé jẹ ni wọ́n sọ di ìránṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn kò sọ iye kábọ̀nù tó lọ ní pàtó, kò sì pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? A kì í ṣe àjèjì sí wíwọn ààjà. Ní oṣù Kejì sí oṣù Kẹta 2004, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní NIMEX-1 ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Jámánì, tí wọ́n fi irú ẹ̀rọ yìí kan náà wọn ooru àti omi tó ń gòkè láti ojú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ oko ni, kì í ṣe igbó, kì í sì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Igbó òkè wa wà ní Ngel Nyaki lórí Mambilla, ní ìpínlẹ̀ Taraba, àti ní Gashaka-Gumti. Nílẹ̀ Yorùbá, igbó tó wà láàrin àpáta Ìdànrè ni mo kọ́kọ́ ń rò. Èèyàn tó bá jí ní òwúrọ̀ níbẹ̀ tó rí kùrukùru tó jókòó sí àfonífojì ti rí ibi tí afẹ́fẹ́ òru kó jọ sí.

Mo mọ̀ pé bí owó bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn á fẹ́ ni òpó ńlá kan lórí òkè, pẹ̀lú àsíá àti fọ́tò. Ẹ jọ̀wọ́, kó dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ kéékèèké tó ń ka ooru, èyí tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ tò wọ́n láti góńgó dé ìsàlẹ̀ àfonífojì, lábẹ́ ewé, kí wọ́n ka òru fún ọdún kan ó kéré tán. Nígbà òjò, ìkúukùu máa ń dá ooru ilẹ̀ padà lóru, nítorí náà mi ò retí ìṣàn tó lágbára. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí ilẹ̀ ń tutù kíákíá bí oòrùn bá ti wọ̀, ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Bí ìsàlẹ̀ bá tutù ju òkè lọ ní òru ọyẹ́ léraléra, ẹ ti mọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ẹ sì ti mọ ibi tí òpó ńlá yẹ kó wà. Mo fura pé ẹnu àfonífojì ni, bí kò tilẹ̀ ní dára nínú fọ́tò.